Iṣẹ́ Ni Tíátà, Ẹ Má Pè É Ní Ìranù Mọ́

   

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ níbi ìpàdé wa tó kọjá, àwọn tó wà níbẹ̀ á rántí. Ọ̀kan nínú àwọn aláṣọ dìde, ó ní kí ẹgbẹ́ gba òun. A rò pé owó ni. Kì í ṣe owó. Ọmọbìnrin rẹ̀ tó ń parí girama ló sọ pé òun kò fẹ́ kọ́ nọ́ọ̀sì mọ́, pé tíátà ni òun fẹ́ lọ kọ́. Ni ìyá bá bú sẹ́kún. Ilé dàrú. Àwọn kan ní kó fi ọmọ náà ránṣẹ́ sí ìyá bàbá rẹ̀ lábúlé kí ojú rẹ̀ lè wálẹ̀. Àwọn kan ní ààwẹ̀ ló kù. Màmá kan láti ìdí ata, tí a kò ní dárúkọ wọn, là á mọ́lẹ̀ pé, "Obìnrin tíátà, ta ló ń fẹ́ ẹ sílé?" Ẹ̀rín sọ. Ṣùgbọ́n a ṣàkíyèsí pé àwọn ìyàwó kéékèèké tó jókòó lẹ́yìn kò bá wa rẹ́rìn-ín.

Ìyálọ́jà wá ní kí àwa tí à ń kọ ìwé ìròyìn yìí lọ ro ọ̀rọ̀ náà dáadáa, kí a kọ èrò wa sílẹ̀ kí gbogbo ẹgbẹ́ lè kà á. A ti rò ó. A kò ní dé ẹ̀nà: ọmọ náà kò ṣẹ̀ wá. Iṣẹ́ ló ní òun fẹ́ kọ́. Bí a bá sì fẹ́ mọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí lọ́wọ́ obìnrin tó mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ jẹ́ kí a wo ẹnìkan tí gbogbo wa mọ ojú rẹ̀: Jọkẹ́ Silva.

Ẹ̀RÙ TÓ Ń BA ÀWỌN ÌYÁ WA NÍ ÌDÍ

A kò ní ṣe bí ẹni pé ìsọkúsọ làwọn ìyá wa ń sọ. Láyé ijọ́un, àwọn alárìnjó ló ń ṣe tíátà, wọ́n á ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn. Ẹni tí kò bá fìdí kalẹ̀ síbì kan, ojú alágbe ni aráyé fi ń wò ó. Nígbà tí Olóyè Hubert Ògúndé dá ẹgbẹ́ òṣèré tiẹ̀ sílẹ̀ ní 1945, wàhálà ńlá ni kó tó rí obìnrin tí òbí rẹ̀ yóò gbà kó bá wọn rìn. Bó bá sì rí ọ̀kan, tó kọ́ ọ títí tó mọ iṣẹ́, àfẹ́sọ́nà á dé, á ní kó fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Kí ni Ògúndé ṣe sí i? Ó fẹ́ àwọn òṣèrébìnrin rẹ̀ níyàwó. Àwọn ìyàwó yẹn ló di òpó ẹgbẹ́ náà. Àwọn ló ń kọrin, àwọn ló ń jó, àwọn ló ń ṣeré káàkiri orílẹ̀-èdè yìí. Títí dòní là ń yin Ògúndé, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi ara wa: nínú àwọn obìnrin tó bá a gbé tíátà náà ró, mélòó la lè dárúkọ?

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Obìnrin kò lè ṣe iṣẹ́ náà kí ayé fi í lọ́rùn sílẹ̀, àfi bí ọkùnrin kan bá gbé e sábẹ́ òrùlé. Ẹ̀rù yẹn làwọn ìyá wa jogún, àwa náà sì jogún rẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ayé ti yí. Ẹni tó bá ń fi òṣùwọ̀n àtijọ́ ta gàrí òní, gbèsè ni yóò fi parí rẹ̀.

Ọ̀NÀ TÍ JỌKẸ́ SILVA GBÀ

Ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1961 ni wọ́n bí Jọkẹ́ Silva ní Èkó. Lọ́yà ni bàbá wọn, dókítà ni ìyá wọn. Ẹ gbọ́ o. Kì í ṣe ọmọ tí kò rí ilé gbé ló lọ ṣe tíátà. Ilé ìwé ni ilé wọn. Irú ilé bẹ́ẹ̀, ohun tí gbogbo ẹbí ń retí ni pé kí ọmọ náà dé wíìgì lọ́yà tàbí kó fi ẹ̀rọ dókítà kọ́rùn. Àǹtí Jọkẹ́ ní tíátà làwọn fẹ́.

Wọn ò sì fi orí yà á. Wọ́n lọ sí London, sí ilé ẹ̀kọ́ Webber Douglas, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ èèyàn ní eré orí ìtàgé: bí a ṣe ń lo ohùn, bí a ṣe ń lo ara, bí a ṣe ń di ẹlòmíràn láì sọ ara ẹni nù. Wọ́n tún lọ sí Yunifásítì Èkó, wọ́n kàwé nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀yin tí ẹ ń rán ọmọ lọ kọ́ aṣọ rírán, ẹ mọ ohun tí à ń sọ. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ yàtọ̀ sí ẹni tó kàn ra ẹ̀rọ. Bí àwọn méjèèjì bá gé aṣọ kan náà, ọrùn aṣọ ni yóò sọ ẹni tó kọ́ṣẹ́.

Ní 1981, ní National Theatre ní Ìgànmú, ni wọ́n pàdé òṣèré àgbà nnì, Olú Jacobs. Ní 1989 wọ́n ṣe ìgbéyàwó. Màmá wa tó bèèrè pé ta ló ń fẹ́ obìnrin tíátà sílé, ìdáhùn yín nìyẹn o. Ọkọ tó fẹ́ wọn mọ iṣẹ́ náà, ó sì bá wọn ṣe é. Wọn kò ní kí wọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó di ìyàwó.

Ní 1990 wọ́n ṣe fíìmù kan tí à ń pè ní Mind Bending. Ní 1998 wọ́n wà nínú The Secret Laughter of Women, fíìmù òkè òkun, pẹ̀lú Colin Firth àti Nia Long. Ní 2006, níbi àmì ẹ̀yẹ AMAA tí í ṣe ti gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà, àwọn ni wọ́n fún ní àmì òṣèrébìnrin tó peregedé jù lọ, nítorí ipa tí wọ́n kó nínú Women's Cot. Ní 2008 wọ́n tún gba ti òṣèrébìnrin amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ nínú White Waters. Ní 2014 ìjọba àpapọ̀ fi oyè MFR dá wọn lọ́lá.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ bí a ti ń ṣírò owó àjọ. Láti 1981 tí wọ́n ti ń ṣeré ní Ìgànmú dé 2006 tí wọ́n gba àmì ẹ̀yẹ yẹn, ọdún 25 ni. Ọdún 25! Ọmọ tí wọ́n bá bí ní 1981 á ti dàgbà, á ti lọ́kọ. Nítorí náà, ọmọ tó bá rò pé òun á wọ tíátà lónìí kí òun ra ọkọ̀ lọ́la, ẹ kìlọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá ní òun ṣe tán láti kọ́ṣẹ́, ẹ má fi ọwọ́ lé e.

Ẹ JẸ́ KÁ SỌ TI ILÉ Ẹ̀KỌ́ WỌN

Ohun tó wù wá jù lọ nínú ìtàn Àǹtí Jọkẹ́ kì í ṣe oyè, kì í ṣe àmì ẹ̀yẹ. Ó jẹ́ pé nígbà tí iṣẹ́ náà ti yọrí sí rere fún wọn, wọn kò ti ilẹ̀kùn mọ́ ara wọn. Àwọn àti ọkọ wọn dá ilé iṣẹ́ Lufodo sílẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti dá ilé ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ ní Èkó, Lufodo Academy of Performing Arts, àwọn fúnra wọn ló sì ń darí ẹ̀kọ́ níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká dúró níbí díẹ̀. Àwọn èèyàn kan wà tó jẹ́ pé ẹnu lásán ni wọ́n fi ń jà fún obìnrin. Wọ́n á gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn, wọ́n á ní "obìnrin kò kẹ̀rẹ̀," wọ́n á jẹ jọ́lọ́ọ̀fù ìpàdé, wọ́n á lọ sílé. A kò ní kí wọ́n má sọ̀rọ̀ o. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dá ibi ìkọ́ṣẹ́ sílẹ̀ ti sọ ọ̀rọ̀ tó ju ọ̀rọ̀ lọ. Bí ọmọbìnrin kan bá wọ inú kíláàsì, tó rí i pé obìnrin ni ọ̀gá níbẹ̀, obìnrin tó lọ́kọ, tó bímọ, tó kàwé, tí ayé ń bọlá fún, ìbéèrè "ta ló ń fẹ́ ẹ sílé" á ti kú sọ́nà kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Àwa ọlọ́jà ló yẹ kó kọ́kọ́ mọ èyí. Láyé tiwa, ẹni tó gba ọmọ iṣẹ́ mẹ́wàá tó sì yọ̀ǹda wọn, òun là ń pè ní ọ̀gá. Ẹni tó tà títí tó lówó, tí kò kọ́ ẹnikẹ́ni, ọjọ́ tó bá kú ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ á padé.

OJÚ WO NI FÍÌMÙ FI Ń WO ÀWA?

Kí ló kàn wá nínú bóyá obìnrin wà nínú iṣẹ́ fíìmù tàbí kò sí? Ó kàn wá gan-an ni. Ẹ rántí àwọn fídíò tí à ń wò láti ìgbà kásẹ́ẹ̀tì. Báwo ni wọ́n ṣe máa ń fi obìnrin ọjà hàn? Yóò rọ gèlè kó dà bí àkísà, yóò máa pariwo, yóò máa bú oníbàárà, yóò máa lọ sílé babaláwo nítorí àtẹ ẹlòmíràn. Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé òun ni ìyá ọkọ burúkú. Bí ó bá lówó, wọ́n á ní ó fi ọmọ rẹ̀ ṣòwò. Ọkùnrin tó lówó nínú fíìmù, ọlọ́lá ni. Obìnrin tó lówó, àjẹ́ ni.

Ta ló ń kọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀? Ẹni tí kò jókòó sẹ́yìn àtẹ rí ni. Kò mọ̀ pé kí aago mẹ́rin ìdájí tó lù la ti wà lójú ọ̀nà. Kò mọ̀ pé owó àjọ ló rán ọmọ lọ sí yunifásítì. Ẹni tí kò bá ní ẹnu sí ọ̀rọ̀, bó ṣe wu ẹlòmíràn ni yóò ṣe ròyìn rẹ̀.

Ìdí nìyí tí irú ipa tí Àǹtí Jọkẹ́ kó nínú Women's Cot fi ṣe pàtàkì lójú wa. Fíìmù náà dá lórí àwọn obìnrin tó kóra jọ láti gbèjà àwọn opó àti àwọn obìnrin tí wọ́n ń jẹ níyà. Ta ni kò mọ opó láàrin wa? Ta ni kò mọ ẹni tí àwọn ẹbí ọkọ kó ẹrù rẹ̀ síta kí ọjọ́ ogójì tó pé? Pé wọ́n fi irú ìyẹn ṣe fíìmù, tí òṣèrébìnrin tó ṣe é sì gba àmì ẹ̀yẹ lé e lórí, ó fi hàn pé ìtàn obìnrin kì í ṣe ìtàn yẹpẹrẹ.

NÍGBÀ TÍ ÌTÀN TIWA DÉ ORÍ SINIMÁ

Ẹ wá gbọ́ èyí tó kàn wá jù. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, fíìmù Funmilayo Ransome-Kuti dé ilé sinimá. Obìnrin ló darí rẹ̀, Bọ́láńlé Austen-Peters, ẹni tó dá Terra Kulture sílẹ̀ ní Èkó. Kẹ́hìndé Bánkọ́lé ló ṣe Màmá nígbà tí wọ́n wà nínú agbára wọn. Ta ló wá ṣe wọ́n nígbà tí wọ́n dàgbà? Jọkẹ́ Silva ni.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ inú wa lè má mọ̀ pé ìtàn ọlọ́jà ni ìtàn yìí. Ní àsìkò ogun Hitler, àwọn aṣojú ìjọba máa ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn obìnrin ọjà ní Abẹ́òkúta, owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n ń fún wọn. Ẹgbẹ́ tí Màmá dá sílẹ̀, àwọn ọ̀mọ̀wé obìnrin ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀. Àwọn ló ṣílẹ̀kùn fún àwọn ọlọ́jà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn ní mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà. Ní 1946 ó di Ẹgbẹ́ Obìnrin Abẹ́òkúta. Màmá bọ́ gáùn sílẹ̀, wọ́n ń ró ìró, wọ́n ń da ìborùn, wọ́n ń fi Yorùbá sọ̀rọ̀ níwájú òyìnbó, kí ọlọ́jà kankan má baà rò pé wọ́n ga ju òun lọ.

Ní 1947 wọ́n gbé ọ̀rọ̀ owó orí dìde, èyí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ obìnrin lọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀ obìnrin kò ní ẹnu níbi tí wọ́n ti ń pinnu nǹkan ìlú. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin lọ jókòó síwájú ààfin. Wọ́n kọrin, wọ́n sùn síbẹ̀, wọn ò lọ sílé. Nígbà tó di 1949, Aláké Adémọ́lá kúrò lórí ìtẹ́ fún ìgbà díẹ̀, owó orí obìnrin sì dáwọ́ dúró. Ta ló ṣe é? Àwọn aláta, aláṣọ àdìrẹ, onígàrí. Àwọn bíi tiwa.

Ẹ wo iye ọdún tó kọjá kí ìtàn yìí tó wọ sinimá bẹ́ẹ̀: láti 1947 dé 2024, ọdún 77. Kì í ṣe pé kò sí fíìmù ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Aláàfin, jagunjagun, olè, gbajúẹ̀, gbogbo wọn ti ní fíìmù tiwọn. Ìgbà tí obìnrin tó lágbára láti darí fíìmù, tó mọ ibi tí owó wà, tó sì rí àwọn òṣèrébìnrin tó kọ́ṣẹ́ yanjú pé jọ, ìgbà náà ni ìtàn àwọn ìyá wa rí ọ̀nà. Ká ní òbí Àǹtí Jọkẹ́ ti fi ààwẹ̀ àti ẹkún dá wọn padà ní kékeré, ta ni ì bá gbé gèlè Màmá wé?

Ìtàn tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn bó ṣe yẹ ṣì pọ̀ nílẹ̀. Alimotu Pelewura, ìyá ẹlẹ́ja ọjà Eréko ní Èkó, tó kojú ìjọba òyìnbó lórí owó orí obìnrin ní 1940 àti lórí iye owó oúnjẹ nígbà ogun, ṣé ìtàn wọn kò tó fíìmù ni? Bóyá ọmọ aláṣọ wa yìí ló máa ṣe é. Ta ló mọ̀?

ỌJÀ NÁÀ Ń TÀ

Àwọn kan á ní, "A ti gbọ́, ṣùgbọ́n ṣé owó wà níbẹ̀?" Ìbéèrè ọlọ́jà nìyẹn, kò burú. Ẹ gbọ́ ìdáhùn.

Fúnkẹ́ Akíndélé, ọmọ Ìkòròdú, tí gbogbo wa mọ̀ sí Jenifa láti 2008, ló ṣe Battle on Buka Street ní Kejìlá ọdún 2022. Fíìmù nípa obìnrin méjì tó ń ta oúnjẹ, tí wọ́n ń bá ara wọn du oníbàárà, ló fi gba gbogbo sinimá. Ní Kejìlá ọdún 2023 ó gbé A Tribe Called Judah jáde, ìtàn ìyá kan tó ń dá tọ́ ọmọkùnrin márùn-ún. Òun ni fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó pa ju bílíọ̀nù kan náírà lọ ní ilé sinimá. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, Everybody Loves Jenifa tún kọjá ìyẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló ń ṣeré, òun ló ń darí, òun ló ni ọjà. Kí ó tó tó àkókò rẹ̀, Kẹ́mi Adétiba ti darí The Wedding Party ní 2016, èrò wọ́ lọ wò ó. Ní 2018 ó ṣe King of Boys, ó fi Ṣọlá Ṣóbọ̀wálé ṣe olórí rẹ̀, ìyá tó ti dàgbà, kì í ṣe ọmọge. Wọ́n máa ń sọ pé kò sẹ́ni tó fẹ́ wo ìyá àgbà nínú fíìmù. Irọ́ ni wọ́n ń pa.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún wa mọ́ pé fíìmù obìnrin kì í tà. Ohun tó yàtọ̀ ni pé obìnrin ti kúrò ní ẹni tí wọ́n ń pè wá ṣeré, tí wọ́n ń fún ní owó ọkọ̀. Ó ti di ẹni tó ni àtẹ. Gbogbo wa la mọ ìyàtọ̀ tó wà láàrin ọmọ ọ̀dọ̀ àti ẹni tó ni ọjà.

Ẹ̀BI TIWA

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa dùn wá rèé, ṣùgbọ́n a ó sọ ọ́. Inú ọjà ni fíìmù ilẹ̀ wa ti dàgbà. Kenneth Nnebue tó gbé Living in Bondage jáde ní 1992, oníṣòwò ni, ó sì ti náwó sórí fídíò Yorùbá ṣáájú ìgbà náà. Ìdúmọ̀tà àti Aláàbà, ọjà ni wọ́n. Ọjà ló gbé fíìmù dìde, ọjà kan náà ló sì ń jẹ ẹ́ run.

Ní 2004, àwọn tó ń ta fíìmù kóra jọ, wọ́n fòfin de àwọn òṣèré kan pé owó wọn ti pọ̀ jù. Genevieve Nnaji àti Omotola Jalade-Ekeinde wà lára wọn. Ẹni tí ojú rẹ̀ ń ta ọjà ló ní kí wọ́n fún òun níye tí òun tọ́ sí, ni wọ́n bá ní kó lọ jókòó sílé. Genevieve kò jókòó. Ní 2018 ó darí Lionheart, fíìmù nípa ọmọbìnrin tó ń du iléeṣẹ́ ọkọ̀ bàbá rẹ̀ kó má baà run, Netflix sì rà á.

Ṣé àwọn ọkùnrin Ìdúmọ̀tà nìkan ló jẹ̀bi? Ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù tiwa. Àwọn ọmọ kan wà nínú ọjà wa tó ń gba owó láti da fíìmù sínú mẹ́mórì káàdì fóònù. Kí fíìmù tó kúrò ní sinimá, wọ́n ti ní in. Àwa la sì ń gbé fóònù fún wọn. Bí ẹnìkan bá jí àpò ìrẹsì kan ní ṣọ́ọ̀bù wa, a ó pariwo olè títí ọlọ́pàá á fi dé. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ń wo fíìmù tí wọ́n jí, ẹ̀rín là ń rín. Olè kan ò ju olè kan lọ. Ohun tí obìnrin náà fi òru ṣe, tó yá owó báńkì ṣe, la gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn náà a ó tún ní, "Tíátà ò lówó lórí, ọmọ mi ò ní ṣe é." Ta ló ń gba owó náà lọ́wọ́ rẹ̀?

ṢÉ KÒ LÉWU NI?

Ó léwu. A kò ní parọ́ fún ìyá ọmọ. Àwọn ọkùnrin wà nínú iṣẹ́ náà tó jẹ́ pé ibùsùn ni wọ́n máa fi ṣe ìdánwò. Àwọn mìíràn á gba owó fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ ọmọ, kò ní rí fíìmù, kò ní rí owó. Ṣùgbọ́n ẹ dárúkọ iṣẹ́ kan tí irú wọn kò sí. Ṣé kò sí ní ọ́fíìsì? Ṣé kò sí ní yunifásítì? Ṣé àwọn ọ̀gá kan nínú ọjà yìí kò dẹnu kọ ọmọ iṣẹ́ ẹlòmíràn rí? Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́. Kí á kọ́kọ́ lé akátá jìnnà, kí á tó bá adìẹ wí.

Ìyá ọmọ, bẹ́ẹ̀ bá fẹ́ gbọ́ tiwa, ẹ jẹ́ kó kọ́ ọ nílé ẹ̀kọ́ tó ní orúkọ, níbi tí wọ́n ti ń fúnni níwèé ẹ̀rí. Ẹ tẹ̀lé e lọ lọ́jọ́ kìíní, kí wọ́n mọ̀ pé ó ní ìyá. Ohun tí wọ́n bá fẹ́ kó fọwọ́ sí, kí ẹni tó mọ ìwé bá yín kà á. Ẹni tó bá ní kó wá ṣe ìdánwò ní hòtẹ́ẹ̀lì lóru, iṣẹ́ kọ́ nìyẹn. Kí ọmọ náà sì mọ̀ pé bí nǹkan bá bàjẹ́, ọ̀dọ̀ yín ló máa sá sí. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ti ṣépè fún kì í lè sá wálé, òun ni ìkà máa ń rí mú.

OHUN TÍ À Ń BẸ̀BẸ̀ FÚN

Ohun mẹ́ta péré la fẹ́ kí ẹgbẹ́ rò. Àkọ́kọ́, kí á fi òfin ẹgbẹ́ de títa àti ríra fíìmù tí wọ́n jí nínú ọjà wa, bí a ti fòfin de ìwọ̀n èké. Èkejì, nígbà tí fíìmù tó sọ ìtàn obìnrin bá dé sinimá, kí á dáwó, kí á gba ọkọ̀, kí á jọ lọ wò ó lọ́nà tó tọ́. A máa ń rán aṣọ ẹgbẹ́ fún òkú ẹni tí a kò mọ̀, owó sinimá kan kò lè pa wá. Ẹ̀kẹta, kí á má fi ọmọbìnrin ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́ nínú ìpàdé nítorí iṣẹ́ tó yàn. Màmá wa láti ìdí ata, ẹ máà bínú sí wa. Àgbà wa ni yín, ọwọ́ wa wà lẹ́yìn.

Ní ti ìyá ọmọ náà, a ti lọ kí wọn nílé. Wọn kò tíì gbà tán. Wọ́n ní kí ọmọ kọ́kọ́ parí WAEC, lẹ́yìn náà àwọn á jọ lọ wo ilé ẹ̀kọ́ náà, àwọn á fojú ara àwọn rí i. Ọmọ ní òun gbà. Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n lèyí. Nígbà tí à ń jáde, wọ́n bi wá pé ṣé lóòótọ́ ni pé dókítà ni ìyá Jọkẹ́ Silva? A ní lóòótọ́ ni. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n mi orí, wọ́n ní, "Ìyá yẹn náà gbìyànjú o."

Wọ́n gbìyànjú lóòótọ́. Ẹ jẹ́ kí àwa náà gbìyànjú. Ire o, ọjà á tà, ọmọ wa kò ní sọnù mọ́ wa lọ́wọ́.